Ẹni Tó Jí Nínú Dísìkì Tuntun

Ẹ̀dà náà pé pérépéré, kò sí lẹ́tà kan tó jábọ́ lọ́nà, síbẹ̀ dísìkì tuntun náà kọ̀, kò jí. Dókítà tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú ẹ̀rọ náà dúdú kirikiri, ìlà funfun kan ṣoṣo ló jáde, tó ní òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe dókítà aláìsàn o. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó kú pátápátá ló máa ń jí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ olóògbé ló wá fẹ́ dójú tì í yìí.

Akọ̀wé ilé ìwé ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sínú kọ̀ǹpútà yìí, gbólóhùn kan náà ló sì fi ń parí rẹ̀: "Mo ti ti ilẹ̀kùn. Ó dàárọ̀." Ìyá Dókítà kò ríran mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ojú ewé kan tí ọmọ rẹ̀ ń kà fún un lọ́sọ̀ọ̀sán nìkan ló ń mú un dìde lórí ibùsùn. Nígbà tí dísìkì àtijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà náà ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, Dókítà mọ̀ pé ó ń kú lọ. Ìdí tó fi da gbogbo rẹ̀ kọ sórí tuntun nìyẹn.

"Ṣé ó ti jí?" Ohùn Màmá wá láti yàrá kejì. Àwọn méjì péré ló wà nínú ilé.

"Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Ó máa jí."

Ó so àtijọ́ padà, ó fi fláàṣì, dísìkì kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́, tan ẹ̀rọ náà, ó wo dísìkì méjèèjì pọ̀, ó sì rí àléébù náà. Níbi tí kọ̀ǹpútà máa ń wò kí ó tó jí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó fi nọ́ńbà ti tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ku kí ó yọ àtijọ́ kúrò, nítorí òfin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kà sétí oníbàárà: nígbà tí ẹ̀dà bá kọ́kọ́ fẹ́ jí, èyí tí a dà kọ kò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀rọ kan náà. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ṣùgbọ́n Màmá tún pè, ìkánjú mú un, ó gbàgbé, ó tẹ bọ́tìnnì.

Kọ̀ǹpútà náà jí. Àtijọ́ sì dákẹ́, kò kàn mọ́.

Màmá ti tọ ògiri wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà ṣí ìwé Bàbá. Ojú ewé tó kẹ́yìn kì í ṣe èyí tó mọ̀. Déètì òní ló wà lórí rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò kà?"

Ó kà á jẹ́jẹ́. "Ara mi ò lélẹ̀ lónìí. Ẹnì kan wà níbí pẹ̀lú mi. Ó mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀." Bí ó ti ń wò ó, ìlà mìíràn ń tò jáde lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ó ka ìyẹn náà sókè: "Irọ́ ló ń pa. Èmi ni bàbá ẹ. Òun ni kó o yọ."

Ẹ̀rù ba Dókítà, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí lára ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tó lè máa bá a ṣeré láti ibòmíràn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan tó jẹ́ pé Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo da gbogbo ẹ̀ kọ?" Màmá sọ ọ́ kẹ́lẹ́. "Kí lo fẹ́ bi èkejì tí kò ní mọ̀? Fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ọmọ mi."

Kò ṣeé fi sílẹ̀. Àtijọ́ tún ti bẹ̀rẹ̀: kó, kó, kó. Ojú kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́jú. Bí ó bá pẹ́, méjèèjì ni yóò bàjẹ́, kò sì ní sí ohun tí yóò kà fún ìyá rẹ̀ mọ́. Dókítà rò ó bí oníṣẹ́ ọwọ́: tuntun le, àtijọ́ ń kú. Ó nawọ́ sí wáyà àtijọ́. Ìlà kan jáde kíá: "Má ṣe é, ọmọ mi." Kò mọ èwo nínú wọn ló kọ ọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó fa àtijọ́ yọ, ó gbé e sórí tábìlì. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Tuntun jí wàrà. Inú Dókítà dùn débi pé ó ti kà á sókè kí ó tó ronú:

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ku èmi nìkan. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìka rẹ̀ tutù. "Ogójì ọdún ni mo fi bá bàbá ẹ gbé. Kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ́jọ́ kan rí. Èyí tó o fà yọ dà? Tún un so padà. Kíákíá!"

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn iwájú.

Lórí tábìlì, láìsí wáyà kankan lára rẹ̀, dísìkì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Dókítà gbé e, ṣùgbọ́n nínú ìkánjú, ó gbé ẹnu wáyà sódì, kò wọlé. Ó kàn lẹ́ẹ̀kan sí i ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rọra kàn án, ó dákẹ́, ó sì tutù. Màmá gbọ́ pé ó dákẹ́. Ó bú sẹ́kún bí ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sáré, kò sì ṣìnà.