Egbin Kì Í Jẹ Eérú

Ọjọ́ tí Gbádéyan tiná bọ pápá tó wà lọ́nà Wamakko, ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bíni nínú jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ọdún keje tí òyìnbó gba Sokoto ni. Ibi tí mọ́tò ti ń fun fèrè mọ́ra wọn lónìí ní Sama Road, koríko ló kún ibẹ̀ nígbà náà, ó ga dé àyà ẹṣin, egbin àti ìrá sì ń jẹ nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gbádéyan. Ó bá àwọn sójà gòkè wá, Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó sì fi ṣe ẹni tí ń tọpa ẹran fún un. Gbérí aláró ló máa ń wọ̀, tìrà rẹpẹtẹ lára rẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí ayé máa wo òun. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ìròyìn dé pé ọ̀gá Àjẹ́lẹ̀ ń bọ̀ láti Zungeru wá dọdẹ. Àjẹ́lẹ̀ ń wá ẹran tí yóò wà nítòsí ìlú.

“Ranka ya dade, ẹ̀mí yín á gùn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ni Gbádéyan wí. “Ẹ jẹ́ kí n sun pápá. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, èéhù á ti yọ. Egbin á fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá ìbọn.”

Ọláyọdé, akọ̀wé ará Ìjẹ̀bú tí ń ṣe ògbufọ̀, sọ ọ́ di èdè òyìnbó. Àjẹ́lẹ̀ ní kó lọ sun ún.

Irọ́ kọ́ ni Gbádéyan pa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí iná bá kọjá tán, gbòǹgbò ẹ̀kan ṣì ń tutù nínú ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èéhù á yọ, egbin á pa koríko gbígbẹ tì, á wá èyí tó rọ̀ lẹ́nu lọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sokoto?

Hàúwà sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó Fúlàní ni, màlúù mẹ́rìnlá ló ní láyé, inú pápá yẹn ni wọ́n sì ti ń jẹ. Ó bá a níbi tó ti ń di ògùṣọ̀.

“Bàyárábè,” ni ó pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, “koríko ibí kì í ṣe koríko yín. Ó ti kú tán láti gbòǹgbò. Irúgbìn rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀, òjò ló sì ń dúró dè. Tí o bá sun ún, eérú lo máa rí. Egbin kì í jẹ eérú. Ibi tí iná ò dé ló máa sá lọ, àti etí àkùrọ̀.”

“Ìyá, ẹ lọ fún wàrà yín,” ni Gbádéyan dáhùn. “Darandaran ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọdẹ lọ́dẹ!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tiná bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni pápá fi jó. Bí pápá bá jó, màjàlà a sọ fún ará ilé: títí dé Kofar Kware, ẹnu ibodè ìlú, ni atẹ́gùn ọyẹ́ ń da eérú sínú ọbẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ogún pé, ewé kan ò hù. Egbin ti kó lọ sí etí àkùrọ̀ lọ́nà jíjìn. Egungun ìhà màlúù Hàúwà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọ̀gá dé láti Zungeru, ó rìn fún ọjọ́ mẹ́rin, àparò méjì ló pa. Ó fi Àjẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ènìyàn.

Ojú ti Àjẹ́lẹ̀. Kí ló wá ṣe? Ó ní Hàúwà ló sun pápá! Dógárì, ìyẹn ọlọ́pàá ààfin, wọ́ arúgbó náà lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n sé màlúù rẹ̀ mọ́ inú ọgbà láìsí koríko. Àjẹ́lẹ̀ kan náà ló tún jókòó ṣe adájọ́. Ẹ ò rí ìwà ìkà?

Nígbà tí Gbádéyan gbọ́, ó pinnu láti lọ sọ òtítọ́ níwájú adájọ́. Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ọláyọdé, nínú ẹ̀wù òyìnbó dúdú rẹ̀ tó ń dán, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà sọ̀rọ̀ ráńpẹ́. Èmi á tún un ṣe.”

Gbádéyan bọ́ síwájú. “Èmi ni mo tiná bọ pápá. Àjẹ́lẹ̀ ló ní kí n lọ sun ún. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀.”

Ọláyọdé túmọ̀ rẹ̀. Gbádéyan ò gbọ́ èdè òyìnbó rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ “Hàúwà” lẹ́ẹ̀mejì nínú ìtumọ̀ náà. Òun ò sì dárúkọ Hàúwà! Ó yíjú sí akọ̀wé náà.

“Ọláyọdé! Níbo lo ti rí Hàúwà nínú ọ̀rọ̀ mi? Ọmọ burúkú! Ìyá arúgbó lo fẹ́ fi ra ojú rere òyìnbó?”

Ó kọjú sí èrò, ó fi Haúsá pariwo ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ gan-an. “Kai!” ni gbogbo kóòtù hó. Àjẹ́lẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó dá Hàúwà sílẹ̀, ó di ẹ̀bi iná náà ru Gbádéyan, ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún kan.

Bí wọ́n ti ń mú un lọ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n kọjá níwájú ọgbà màlúù. Mẹ́sàn-án ti kú. Hàúwà dúró láàárín wọn. Gbádéyan dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

“Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo ti sọ òtítọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Hàúwà wí. “Òtítọ́ rẹ dára. Gbé e fún màlúù mi kí wọ́n jẹ ẹ́.”

Ọdún kan pé, wọ́n tú Gbádéyan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àràárọ̀ ló ń gé koríko tútù létí àkùrọ̀, ó ń rù ú lọ sẹ́nu ọ̀nà Hàúwà. Ìyá náà ò dá a lóhùn títí ó fi kú. Àwọn ará ìlú wá ń pè é ní Mai Ciyawa, ìyẹn ni oníkoríko. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní Kofar Kware di òní, orúkọ náà ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì rò pé oyè ni.