Onígbàjámọ̀ Ara Ògiri

Ojú òsì ọkọ Léontine ni wọ́n kọ́kọ́ fi èédú pa. Nígbà tí obìnrin náà jáde ní ìdájí láti kí i, bí ó ti ń ṣe láràárọ̀, ojú kan ṣoṣo ló ń wò ó láti ara ògiri.

Àwòrán ni ọkọ ọ̀hún. Kí Ṣẹ̀hìndèmí onígbàjámọ̀ tó lọ wá owó ní Gánà, ó bẹ ayàwòrán kan láti Àjàṣẹ́ pé kó fi ọ̀dà ya òun sí ara ṣọ́ọ̀bù òun ní Kétu, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, abẹ lọ́wọ́, oníbàárà lórí àga. Ayàwòrán náà mọ iṣẹ́. Ó mú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí Ṣẹ̀hìndèmí máa ń rín, bí ẹni tó mọ àṣírí gbogbo orí tó wà nílùú.

Ṣẹ̀hìndèmí lọ, kò dé. Ẹnìkan ti Kùmásí bọ̀, ó ní ibà ti pa á. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, òun rí i níbi tó ti ń fárí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá nù ló mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti korò tó. Léontine kò bímọ fún un, kò sì ní fọ́tò rẹ̀. Ògiri yìí nìkan ló ní. Nígbà tí Èṣùgbàyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní kó wá jókòó opó, ó kọ̀. Ẹni tí òun ń rí lójoojúmọ́, tí òun ń ki oríkì rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ṣé ẹni tí à ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn?

Ọdún yẹn, òmìnira Dàhòmè ṣì ń rùn bí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé díẹ̀ ń fi èédú kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kiri. Wọ́n ti ba àwòrán aránṣọ jẹ́ lẹ́bàá ọjà, wọ́n kọ “Vive”, ìyẹn “kó pẹ́” lédè Faransé, gàdàgbà sórí aṣọ tó ń rán. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Léontine fi omi mímu rẹ̀ fọ ojú náà, ní Kétu tí omi ti wọ́n bí ojú. Àwọn obìnrin àdúgbò pòṣé. Ní ọjọ́ kejì, ojú méjèèjì ti dú. Ó tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọwọ́. Inú bí i, ó lọ fa Désiré, olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, wá síwájú ògiri.

“Kí ni ọkọ mi ṣe fún ọ?”

Désiré wo ògiri títí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ là ń kọ ní tiwa. Èyí kì í ṣe ìkọ̀wé. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ra èédú yìí. Ẹ wo ojú ìka tó tẹ̀ síbẹ̀.”

Ìka àárín kò pé, ó ti gé níbi oríkèé. Abẹ ló gé irú ìka bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ṣẹ̀hìndèmí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Orí Léontine wú.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òórùn ọṣẹ ìfárí ló kọ́kọ́ dé imú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ra èédú sẹ́nu àwòrán. Eruku pupa bò ó dé orúnkún.

“Àjàní,” ni Léontine fi oríkì pe ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. “Àbẹ̀kẹ́, má pè mí mọ́. Ibà ló pa mí. Láràárọ̀ ni mò ń dé ẹnu ibodè ọ̀run, láràárọ̀ lo sì ń kì mí padà. Mò ń pa á rẹ́, ò ń fọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ò ká a. Ìwọ ni kó o pa á rẹ́.”

Léontine po amọ̀ pẹ̀lú omi tó kù nínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú ni yóò le jù. Nígbà tí ó bo ọwọ́ tán, ó fẹ́ rántí bí ọwọ́ náà ti máa ń rí lọ́rùn òun. Kò rántí mọ́. Ìgbà náà ló yé e pé ohun tí òun bá bò lára ògiri ń parẹ́ lọ́kàn òun, ó dúró, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà. Ó lè fi í sílẹ̀, kó máa jẹ́ tirẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti là yánnayànna, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí, Àbẹ̀kẹ́.”

Ó bo ẹ̀rín náà. Ó bo ojú.

Nígbà tí ó yí padà, arìnrìn-àjò kan tí eruku pupa bò dé orúnkún dúró lójú ọ̀nà, kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà tẹ orí ba fún un.

“Ẹ kú ọ̀sán, ìyá.”

“Ẹ kú ìrìn o. Ẹ máa rọra.”

Ọkùnrin náà lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Èṣùgbàyí dé, ó bá a níwájú ògiri tútù, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, kí ló dé?”

“Ẹ̀yin àti ọkọ mi lẹ jọ dàgbà,” ni Léontine wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Báwo ni ojú ọkọ mi ṣe rí?”

Èṣùgbàyí la ẹnu láti sọ fún un. Ó wá ojú àbúrò rẹ̀ lọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí i.