Ìbaaka Mẹ́ta Lẹ́bàá Ọ̀nà Ápíà

"Tí òṣìṣẹ́ Késárì bá ń bọ̀ lọ́nà yìí, kódà kó wọ aṣọ màmá mi, èmi Mámẹ́kù máa dá a mọ̀."

Iwájú ilé wọn tó kọjú sí ọ̀nà Ápíà ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí dúró sí tó ń lérí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sálfíà, ń fún àwọn ìbaaka wọn mẹ́ta ní koríko. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Lọ́jọ́sí, o ní amí ni ọkùnrin tó ń ta àlùbọ́sà."

"Ṣé o ò rí bí ojú ẹ̀ ṣe pọ́n ni?"

"Àlùbọ́sà ló ta á lójú."

Ìbẹ̀rù Mámẹ́kù kì í kúkú ṣe àwàdà. Ọ̀nà olókùúta yẹn ló ń gbé òróró àti wáìnì lọ sí Róòmù, òun náà ló sì ń gbé àwọn ońṣẹ́ ìjọba bọ̀. Ońṣẹ́ tó bá ti mú wàláà Késárì dání lè gba ẹran ẹnikẹ́ni, kó fi ru ẹrù lọ, kó sì já a sílẹ̀ níbi tó bá wù ú. Gbogbo ará etí ọ̀nà ló mọ bí wọ́n ṣe ń sáré fi ẹran pamọ́. Ẹsẹ̀ bàbá wọn sì ti kán, ó wà lórí ibùsùn. Bí àwọn ìbaaka yìí ò bá rí ẹrù gbé kí òtútù tó dé, kò ní sí àlìkámà nínú ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin kan yọ lókèèrè.

"Sálfíà, òun nìyẹn. Wo bàtà ẹ̀. Ta ló ń rìn nínú eruku tí bàtà ẹ̀ ń dán báyẹn? Owó ìjọba nìyẹn."

Kí Sálfíà tó dáhùn, Mámẹ́kù ti fa àwọn ìbaaka wọ inú oko ólífì ẹ̀yìn ilé. Ó sáré padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ọ̀sán," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ ní ìbaaka."

"Ìbaaka kẹ̀? A ò ní ewúrẹ́ pàápàá."

Ìbaaka kan han gooro lẹ́yìn ilé.

"Kí nìyẹn?"

"Bàbá mi ni. Ikọ́ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ẹ kú ìtọ́jú wọn," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí Óppíà, aládùúgbò wọn, fi kọjá pẹ̀lú àwọn ìbaaka rẹ̀, ìkòkò òróró kún ẹ̀yìn wọn.

"Títínì oníṣòwò ló gbéṣẹ́ fún mi," ó ní. "Èmi ni màá máa kó òróró rẹ̀ lọ sí Róòmù títí òtútù á fi dé. Ilé yín ló kọ́kọ́ yà. Ó ní kí n bá òun kí bàbá yín kú ikọ́."

Mámẹ́kù búra pé òun ò ní fura sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin mìíràn dé. Bàtà rẹ̀ ti já, eruku bò ó dé irùngbọ̀n. Mámẹ́kù ò jẹ́ kó kí wọn tán tó fi kó àwọn ìbaaka jáde, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti yà wọ́n nírun.

"Ẹ wò wọ́n dáadáa, ọ̀gá. Wọ́n lè ru odidi ilé."

Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú wàláà kan jáde. Èdìdì Késárì ló wà lára rẹ̀.

Ilẹ̀ ni Sálfíà jókòó sí.

"Bàtà lo wò lọ́sàn-án, bàtà náà lo wò nísinsìnyí," ó ní. "O fura sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá, o gba ẹni tó fẹ́ kó ìbaaka wa lọ gbọ́. Ó rọrùn láti béèrè, Mámẹ́kù. Kí lẹ wá ṣe? Gbogbo ohun tó yẹ kó o sọ nìyẹn."

Mámẹ́kù ti kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Ońṣẹ́ náà la ẹnu ìbaaka àkọ́kọ́, eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀; ó gbé ẹsẹ̀ èkejì sókè, pátákò rẹ̀ ti là; ó ju ọwọ́ níwájú ojú ẹ̀kẹta, ìbaaka náà ò ṣẹ́jú, kò ríran.

"Kò sí èyí tí ìjọba lè lò nínú wọn," ó ní. "Ẹ bá mi bu omi."