Ohun Tí Ìmísí Bù Sínú Àpò Àwo

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Obìnrin kan wà ní Adidogomé, ní ìlú Lomé, tí ó gbà pé Sátánì ń gbé nínú ilé òun. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ó ti ń wá a ni kò tọ́.

Ìmísí ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, kì í sì í pẹ́ dé ìsìn. Constant, ọkọ rẹ̀, jẹ́ olùkọ́, kì í mutí, kì í sì í rìnkurìn. Àwo orin kan ṣoṣo ló ń da Ìmísí láàmú.

Ọjà Hédzranawoé ni Constant ti ra àwo náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, láàárín ẹrù àlòkù tó ti ìlú òyìnbó wá. Tiráàṣì ni wọ́n ń pe irú orin rọ́ọ̀kì líle bẹ́ẹ̀. Gìtá ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ìlù ń rọ́ lu ara wọn, ọkùnrin kan sì ń ké bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ibojì ni wọ́n yà sí ara àpò rẹ̀, ibojì lọ bẹẹrẹ, akoto ológun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sán gbogbo Sátidé, Constant àti Yannick mẹkáníìkì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì á jókòó yí ẹ̀rọ orin ká. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa mi orí bí alángbá. Wọ́n sì ní àṣà kan: onílé kì í fọwọ́ kan àwo yẹn, àlejò tó bá dé kẹ́yìn ni í yọ ọ́ nínú àpò. Yannick ló sábà máa ń pẹ́ dé.

Ìmísí á dúró lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, á máa ṣọ́ wọn. Kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀? Ta ló fi àṣà yẹn lélẹ̀? Ohun tó tilẹ̀ ń já a láyà jù ni ọjọ́ orí àwo náà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Orin tó gbòde lọ́dún ìgbéyàwó wọn, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogún ọdún ṣì ń wá béèrè èyí lọ́wọ́ Constant.

"Ohun tí kì í gbó," ni Ìmísí ń wí nínú ara rẹ̀, "ó ní ohun tí ó ń jẹ."

Yannick ló fura sí jù. Bí ó bá kí i pé, "Bonjour, Dáda," bí wọ́n ti ń kí ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Lomé, Ìmísí á máa wá ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ ìkíni náà. Ọsàn tí Yannick bá mú wá, ẹ̀yìnkùlé ló ń dà á nù sí.

Prisca aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, ti bá a sọ̀rọ̀ títí. Ó ní, "Ìmísí, o mọ orin Jésù. Ṣé o mọ Jésù fúnra rẹ̀? Ìfura yìí á jẹ ọ́ tán." Ìmísí bi í pé, "Àbí Yannick ti fún ìwọ náà lọ́sàn ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi gèlè bojú, ó gun alùpùpù lọ sí Akodessewa, ọjà àwọn olóògùn. Akọrin ìjọ dúró láàárín orí ọ̀bọ àti awọ ejò gbígbẹ, ó ń wẹ̀yìn kí ará ìjọ má bàa rí i. Ọkùnrin kan di ìyẹ̀fun sínú bébà fún un. Ó ní kí ó bù ú sínú àpò àwo náà. Ọwọ́ tó bá yọ ọ́ kò ní padà wá sílé yẹn mọ́. Ìmísí rò pé ọwọ́ Yannick ni.

Ní Sátidé yẹn, Yannick tètè dé. Ilé ìdáná ni Ìmísí wà nígbà tí ó gbọ́ ohùn Prisca ní pálọ̀. Ó wá dá ìwé orin padà. Constant ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Prisca ni àlejò ìkẹyìn, àṣà àwọn kò sì yọ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Prisca rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́.

Ìmísí lè kígbe. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, gbogbo wọn á mọ ibi tí ó lọ. Ó panu mọ́.

Ìyẹ̀fun dà sí Prisca lọ́wọ́. Ooru mú, òógùn ń ṣàn, ó sì fi ọwọ́ náà nu ojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú dí. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní wèrèpè ni, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná mọ́ nǹkan mìíràn. Kò dá a lójú pé aránṣọ náà á tún ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Yannick ló fi alùpùpù rẹ̀ gbé e lọ. Òun náà ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Ìmísí ń wò ó, kò sì rí ohun tó fi pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, kò lè fara dà á mọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Prisca, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Prisca, tí wọ́n fi aṣọ funfun di lójú, na ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dùn mí," ni ó wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Constant wá kí mi, mo bi í nípa ohun tí ọkùnrin inú àwo yẹn ń ké. Ó ní ológun tó ń kú lọ ni, ó ń béèrè ẹni tí yóò gbọ́ òun nínú ilẹ̀. Ìdí tí orin náà kò fi gbó nìyẹn. Gbogbo ayé ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, Ìmísí. Ìwọ tí o mọ ibi tí ìdáhùn wà, wèrèpè lo bù sí i."

Ìmísí gbàdúrà níbẹ̀, láìkọrin. Ó ké pe Jésù, ẹni tí wọ́n sin sínú ilẹ̀ tí ó sì jáde, pé kí ó wẹ òun mọ́. Kò dárúkọ Yannick, kò dárúkọ àwo. Ara rẹ̀ nìkan ló dárúkọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú àwọn ọkùnrin náà, ó sọ ohun tó ṣe. Yannick ní, "Dáda, ọsàn mi ńkọ́?" Ó jẹ́wọ́ ìyẹn náà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ọ̀tún Prisca san. Òjìji nìkan ni tòsì ń rí. Láràárọ̀, Ìmísí ló ń lọ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ta ni ìwọ ń ṣọ́ lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn? O ti yẹ ilé aládùúgbò rẹ wò, o ti yẹ ọkọ rẹ wò. Kí ló wà nínú bébà tí o dì mọ́wọ́? Jésù mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò sá fún ọ. Má dúró di ìgbà tí ojú ẹlòmíràn bá fọ́. Ṣí ọwọ́ náà níwájú rẹ̀ lónìí, kí o tó tún na án sí ẹnikẹ́ni.