Ẹni Tí Miriam Ń Retí Lójú Ọ̀nà Ọ̀mùò

Ẹrẹ̀ ti mu Kọ́láwọlé dé itan nígbà tí Miriam kọ́kọ́ rí i. Ó wà nínú kòtò ńlá tí àgbàrá gbẹ́ sẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìyámoyè. Ó na ìdì èhù oparun sókè orí bí ìyá tó gbé ọmọ sá fún omi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kò sí ẹrẹ̀ ní Kétu yín ni?" Miriam bi í. Òun ni olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀.

"Ó wà, Olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tiwa mọ̀ mí."

Ẹ̀rín gba ẹnu Miriam kó tó mọ̀.

Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin ni Kọ́láwọlé ti wá, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbin igi síbi tí àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, òun àti Miriam ti ń pín iṣu sísun jẹ létí kòtò.

Bámigbóyè, bàbá Miriam, ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn rárá. "Lóko tèmi ni àwọn ajínigbé ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Títí dòní, mi ò rí òkú rẹ̀ sin. Ṣé kí n tún wá fi ọ́ fún ẹni tó máa mú ọ gba ojú ọ̀nà lọ sílùú òkèèrè?"

Ẹ̀rù kan náà ń ba Miriam pẹ̀lú.

Nígbà tí oparun tí wọ́n ń gbìn tán, Kọ́láwọlé kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá sí i létí odò. Miriam wà ní kíláàsì nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn. Ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn ọmọ náà sáré dé, wọ́n ń sunkún, ẹ̀gún ti fa ẹsẹ̀ wọn ya. Kọ́láwọlé àti Testimony, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ò sí láàárín wọn.

"Testimony ló fẹsẹ̀ rọ́, Mà," ọ̀kan nínú wọn wí. "Bùrọ̀dá ní ká máa sá lọ, pé òun ò lè fi í sílẹ̀."

Miriam sáré lọ ké sí àwọn ọlọ́dẹ ìlú. Ó fẹ́ gbàdúrà, orúkọ ọkùnrin náà nìkan ló ń bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn ọlọ́dẹ wọ igbó lọ. Bámigbóyè gbé ìbọn rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Oòrùn ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó padà. Kọ́láwọlé pọn Testimony, omi ń ro tótó lára àwọn méjèèjì. Abẹ́ gbòǹgbò igi kan ni wọ́n sá pamọ́ sí nínú odò, omi mù wọ́n dé ọrùn, títí ohùn àwọn ajínigbé tó ń wá wọn fi jìnnà.

"Ẹ̀rù bà mí, Miriam," Kọ́láwọlé wí. Kò pè é ní Olùkọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ Kọ́láwọlé rán ọkọ̀ wá kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Benin.

"Máa lọ," Miriam wí. "Kí o wà láàyè ni mo fẹ́."

"Màá lọ. Màá sì mú ìyá mi wá tọrọ rẹ."

"Lójú ọ̀nà yìí?"

"Ṣé ọ̀nà míì wà ni, olólùfẹ́ mi?"

Bámigbóyè, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wúkọ́. "Tí ẹ bá ń bọ̀, tí ẹ dé Ọ̀mùò, ìlú tó ṣáájú tiwa, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ pè mí. Èmi àti àwọn ọlọ́dẹ la máa wá pàdé yín."

Miriam wo bàbá rẹ̀. Ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ìgbà ọyẹ́ ni Kọ́láwọlé àti ìyá rẹ̀ wá. Láti ìgbà tí Bámigbóyè ti jáde láàárọ̀ lọ pàdé wọn ní Ọ̀mùò ni etí Miriam ti wà lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kadà bá dún, á dìde. Bó bá kọjá, á jókòó. Fóònù ò wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ dúró níta níkẹyìn, ó tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ti ìyá àgbà kan, kò gbọ́ ti Kọ́láwọlé.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Miriam, a ti dé."

Eruku bo Kọ́láwọlé láti orí dé ẹsẹ̀. Miriam di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo wọn.

"Wọ́n ní àwọn wá tọrọ rẹ," Bámigbóyè wí. "Ṣé kí n gbà?"

"Ẹ gbà, Bàbá." Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.