Ara Rúùtù Kì í Ṣe Ti Ìjọ

Máṣíìnì ìránṣọ ni Rúùtù gbá mọ́ra ní gáréèjì Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, òjò ń pa á, ó ń bá ọmọ ọkọ̀ jà pé kò sẹ́ni tí yóò kó àpò iṣu lé ohun tí òun fi ń jẹun lórí. Dírẹ́bà, géńdé dúdú kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ṣé máṣíìnì lẹ fẹ́ gbé ni, àbí èmi?"

"Máṣíìnì ò lè bínú kó tún rẹwà báyìí."

Kí wọ́n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, Rúùtù ti mọ̀ pé Oyèdèjì lorúkọ rẹ̀, pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, aládùúrà bíi tòun. Nígbà tí ọdún 1988 yóò fi wọlé, àwọn ìyá wọn ti ń pe ara wọn ní àna.

Ìgbà náà ni Rúùtù fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Mi ò lè fọwọ́ lásán mọ ohun tó jẹ́. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. A lè máa ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀, a sì lè gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lọ rò ó."

Oyèdèjì nìkan ni Rúùtù sọ fún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìjọ wọn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àdúrà fún, ọkùnrin yìí dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún Rúùtù àfẹ́sọ́nà òun, kókó wà lọ́mú rẹ̀. Ní gbangba! Níwájú tọmọdé tàgbà!

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti di dókítà. Wòlíì ní abẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Ìyá Oyèdèjì gbọ́, ó sì wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá bá Rúùtù ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ìyàwó mi, tètè lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn. A ò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó títí a ó fi mọ ohun tí à ń gbé wọlé."

Ohun! Ẹ gbọ́ o, ohun! Kò sẹ́ni tó bi ọmọbìnrin náà bóyá ó ń rí oorun sùn. Inú bí Rúùtù, ó dìde.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó má wá mọ́."

Oyèdèjì wá ṣáá.

"Rúùtù mi, àdúrà ni mo ń wá fún ọ."

"Ó yẹ kóo kọ́kọ́ bi mí. Ọmú mi ni, Oyèdèjì! Ṣé mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì rí láti sọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ?"

Oyèdèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn oníbàárà tó wá ránṣọ lọ́dọ̀ Rúùtù. "Mo ṣẹ̀ ọ́, dákun. Mo ti sọ fún ìyá mi pé bóo bá ṣì fẹ́ mi, oṣù tó ń bọ̀ la ó ṣègbéyàwó, èsì dé o, èsì ò dé o. Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé ká máa ṣọ́ ọ ni, àbí ká yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe nítorí ìyá rẹ. Bí mo bá ń ṣọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni n ó máa tẹ̀ ẹ́, n ò ní lè ronú nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí n lè sùn."

"Ó ti parí, olówó orí mi. Màá gbé ọ lọ."

"Olówó orí ta ni? Ìwọ lo fẹ́ san owó orí mi!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rúùtù.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wá mú Rúùtù wọlé wo Oyèdèjì láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Rúùtù ni Oyèdèjì yíjú sí, kó fúnra rẹ̀ dáhùn.

"Ọkọ mi ni," Rúùtù dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí i.