Àpá Tó Ti San

Ẹ má rò pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín lásán. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, lójú èèyàn mẹ́ta tí kò fẹnu kan ọtí. Méjì nínú wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Ẹnì kẹta ni obìnrin aránṣọ kan.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó bí i, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé orí lé pákó tó ń fá lọ́wọ́, ó sì kú. Kò ṣàìsàn. Kò tilẹ̀ wúkọ́. Inú bí aránṣọ ju kó sunkún lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ yẹn. Ó ní kí dókítà la òkú náà, kó wò ó.

Ni ilé ọkọ bá gbóná. Bàbá àgbà kan ní wọn kì í la òkú nínú ìdílé àwọn. Àlùfáà ní òun ò rí i kà pé ó léèwọ̀, àmọ́ òun ò rí i kà pé ó dáa náà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ nìkan ni kò pariwo.

"Ìyàwó mi, má jẹ́ kí wọ́n là á."

"Kí lẹ ń bẹ̀rù, Mà?"

"Má jẹ́ kí wọ́n là á. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, kò da omijé kan. Kí ló ń fi pamọ́? Aránṣọ lọ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n là á.

Nígbà tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ dé ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, aránṣọ ló ń béèrè ọ̀nà. Ìyá kò béèrè. Ó yà sọ́tùn-ún, ó tún yà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kan ti kán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n máa ṣubú. Ìyá ti jókòó sí apá tó dára. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan. Aránṣọ rí i, ó kọjá wọlé.

Yàrá náà tutù. Omi ń kán níbì kan. Dókítà ti dàgbà, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí òun tó fọwọ́ kan òkú, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ̀, kó sì kọ orúkọ òkú náà sínú ìwé. Ó ṣí aṣọ funfun.

Ọkọ rẹ̀ ni. Irùngbọ̀n tó ní òun máa gé lọ́la ṣì wà níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe aránṣọ débi pé ó fọwọ́ di aṣọ náà mú. Aṣọ náà yọ̀ bọ́lẹ̀.

Dókítà tẹjú mọ́ àyà òkú náà.

Àpá kan ti èjìká ọ̀tún wá, èkejì ti èjìká òsì wá. Wọ́n pàdé láàárín àyà, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n lọ sísàlẹ̀ ìdodo. Kì í ṣe ọgbẹ́ tuntun. Ó ti san. Irun àyà ti hù bò ó.

"Ta ló ti la ọkọ yín rí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ ò rí èyí rí?"

Ó fẹ́ dáhùn, ló bá rántí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjìlá, ọkùnrin náà kò bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀ rí, bó ti wù kí ooru mú tó. Aránṣọ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni ìyálé òun. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á pa iná.

"Wọn kì í gé alààyè báyìí," dókítà sọ jẹ́jẹ́.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ogún ọdún ló ti ń wo ojú abẹ́rẹ́. Ojú ìrán yìí jìnnà síra, bí ìgbà tí èèyàn bá rán ẹnu àpò. Ẹni tó rán an kò lérò pé ẹni tí òun ń rán máa tún dìde. Ibi tó yẹ kí ìrán náà ti bẹ̀rẹ̀ ló parí sí. Ọlọ́wọ́ òsì ló rán an.

Ó gbójú sókè. Ọwọ́ òsì ni dókítà fi mú bírò.

"Ẹ̀yin lẹ rán an," ó ní.

Dókítà kò jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Mi ò ní fọwọ́ kan ẹni yìí mọ́. Ẹ ṣáà kọ orúkọ ẹni tó jẹ́, kémi náà lè mọ̀."

Aránṣọ jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Mà, ta ni mo fẹ́?"

"Ṣé wọ́n ti là á?"

"Rárá."

Ìgbà yẹn ni omijé ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú ìyá. "O ṣeun, ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀kìíní tí wọ́n là á, odidi ọdún kan ni kò fi rẹ́rìn-ín." Ó tú ọ̀rá dúdú náà. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a. "Wọ èyí fún un. Òtútù máa ń mú un tó bá kọ́kọ́ jí."

Aránṣọ gbà á. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ sì ń bà á. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, nígbà tí dókítà pariwo orúkọ aránṣọ láti inú yàrá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé orúkọ náà ṣì wà ní ilé-ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ kankan sínú rẹ̀, kò sì sí òkú tí wọ́n gbé jáde.